Mo Kó Ẹlẹ́bẹ̀ Mẹ́ta Lọ Nítorí Iná Bíréèkì

Ọjọ́bọ̀ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi títí eyín á fi tán lẹ́nu mi. Bí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀tún, wo òsì, bóyá ẹnì kan ń wò mí, kí n tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ jẹ́ kó mọ sáàárín wa, nítorí mo ṣì ní ṣọ́ọ̀bù ní Pápá Àjàó, àwọn oníbàárà mi sì ṣì ń fún mi ní ọ̀wọ̀ díẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú ọ̀rọ̀ náà wà. Mo máa ń tún ohun tó ń lo iná ṣe: fáànù, áyọ́ọ̀nù, bùlẹ́ńdà, rédíò. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù mi sọ ọ́ gbangba pé kò sí ohun tó ń lo iná tí apá mi ò ká. Ohun tí pátákó náà ò sọ ni pé bí ẹ bá gbé fáànù wá lọ́jọ́ Ajé, tí mo ní kí ẹ wá gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ máa wá tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ẹ tó gbé e lọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wá, mo máa bẹ̀ yín. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ èèyàn. Mo lè bẹ obìnrin tó fìbínú wọlé títí òun fúnra rẹ̀ á fi máa sọ pé kí n má bínú. Fáànù rẹ̀ ò tíì ní máa yí o, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ á ti rọ̀. Ogún ọdún ni mo fi gbà pé ẹ̀bùn ńlá ni Ọlọ́run fún mi.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ̀bùn yìí ti sú ni ìyàwó mi, Ìyá Àwáwù. Télọ̀ ni, inú pálọ̀ wa ló ti ń ránṣọ. Fáànù pálọ̀ náà ti dákẹ́ láti ìgbà ọyẹ́. Fáànù ilé ẹni tó ń tún fáànù ṣe o! Ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá tú u, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ò sì dé. Páálí ló fi ń fẹ́ ara rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, òun ló ni ín, kì í ṣe èmi. Abẹ́rẹ́ àti òwú ló fi rà á. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ògiri nígbà tí mo ń rífáàsì, ní nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú, àtìgbà náà ni iná bíréèkì apá ọ̀tún ò ti tàn mọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lórí ìyẹn náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ilé ìwé kan ní Sùúrùlérè gbé iṣẹ́ ọgọ́ta yúnífọ́ọ̀mù fún un. Ọdún mẹ́ta ló ti ń lé iṣẹ́ ilé ìwé náà. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kó kó wọn dé, nítorí àwọn ọmọ fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣe ayẹyẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kò bá dé lásìkò, kò tún ní rí iṣẹ́ wọn mọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tọrọ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n fi gbé fáànù mẹ́ta lọ fún oníbàárà mi kan ní Sùúrùlérè kan náà.

"Bàbá Àwáwù, ẹ bá mi dá ọkọ̀ yìí padà kílẹ̀ tó ṣú o," ó sọ bẹ́ẹ̀ láìgbójú sókè, tòun ti píìnì lẹ́nu. "Ẹ sì rántí pé iná ẹ̀yìn yẹn ò tàn."

"Mo bẹ̀ ẹ́, má jẹ́ kí ìyẹn dà ẹ́ láàmú," ni mo fèsì. "Màá wo ọ̀rọ̀ ẹ̀."

Ó mú páálí, ó fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì padà sídìí máṣíìnì.

Mo já àwọn fáànù náà fún oníbàárà mi láìsí wàhálà. Nígbà tí mo ń bọ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan nawọ́ sí mi ní ìkóríta. Mo ti wọ jàlámíà funfun mi lọ́jọ́ náà, èyí tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀ dáadáa, nítorí mo fẹ́ kí oníbàárà mi rí mi bí ẹni ńlá. Mo páàkì, mo bọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ náà tó la ẹnu mo ti nà gbalaja sórí títì.

"Ẹ ṣàánú mi, ọ̀gá mi! Ẹ wo tàwọn ọmọ mi!"

"Dádì, ẹ dìde. Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

"Mo mọ̀, ọ̀gá mi, ẹ ṣáà dárí jì mí."

"Dádì, títì lẹ sùn sí yìí o."

Mo dìde. Ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti kán sílẹ̀ ti ya máàpù sí mi níkùn. Mo wá rí ẹni tí mo ń bẹ̀ dáadáa: ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lo awò ojú, tó fi rúlà àti ìwé ńlá kan sábẹ́ abíyá. Ó lè jẹ́ àbúrò ìyàwó mi tó kéré jù. Ó gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn ọkọ̀ wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan.

"Iná bíréèkì ọ̀tún yín ò tàn," ó ní. "Ẹ lọ tún un ṣe. Ẹ gbé ọkọ̀ wá sí ọ́fíìsì wa ní Sábó kí aago mẹ́rin tó lù. Tí mo bá ti rí i pé ó tàn, màá fagi lé e, màá dá ìwé ọkọ̀ yín padà, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ ò ní san nǹkan kan. Ṣùgbọ́n tí aago mẹ́rin bá kọjá, ó di ọjọ́ Ajé nìyẹn, ọkọ̀ yìí ò sì gbọdọ̀ rìn títí dìgbà náà."

Mo ki ọwọ́ bọ àpò, ẹ mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. Ojú rẹ̀ tẹ̀lé ọwọ́ mi.

"Kí lẹ fẹ́ mú jáde níbẹ̀ yẹn, Dádì?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo fa ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà jáde, àfi sukudiráífà kékeré tí mo fi máa ń tú fáànù.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹ tiẹ̀ ní irinṣẹ́ lọ́wọ́."

Ó já ìwé pélébé kan fún mi, ó sì nawọ́ sí ọkọ̀ mìíràn. Aago méjìlá ò tíì lù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá lọ tún iná ṣe. Èmi jókòó sínú ọkọ̀, mo ń ro ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà. Ibi tí mo ti dàgbà ní Múṣín, bí ẹni tó wọ yúnífọ́ọ̀mù bá mú ọ, kì í sọ fún ọ pé lọ tún nǹkan ṣe kóo wá fi hàn mí. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn jù, ìrọ̀rùn rẹ̀ ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo rò ó pé ó ní láti jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń sọ. Ni mo bá pe Ẹ̀gbọ́n Múrí.

Ẹ̀gbọ́n Múrí ni aládùúgbò wa tó fi gbogbo ayé rẹ̀ wa tírélà kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ọ̀nà tí wọn ò tíì dá a dúró sí nílẹ̀ yìí, ó sì máa ń fi yangàn bí ẹni tó lọ Mẹ́kà.

"Kí ló ní kó o ṣe?" ó bi mí lórí fóònù.

"Ó ní kí n tún iná náà ṣe, kí n wá fi han òun kí aago mẹ́rin tó lù."

"Ó ń dán ẹ wò ni."

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí."

"Àbúrò, ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ni? Kò sí bó ṣe máa rí bẹ́ẹ̀ láyé! Èèyàn ló máa bá ẹ yanjú ẹ̀. Wá àgbàlagbà kan, Àáfà kan, àti obìnrin kan tó mọ ẹkún sun. Èmi ni àgbàlagbà. Wá gbé mi."

Ọkàn mi balẹ̀. Èyí ni ọ̀rọ̀ tó yé mi.

Mo gbé Ẹ̀gbọ́n Múrí, a kọrí sílé Àáfà àdúgbò wa. Àáfà ní òun á bá wa lọ tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ kírun Àyílà. A kírun. Ó ní òun á fi nǹkan sẹ́nu díẹ̀, kí ohùn òun lè já gaara. Ó jẹun. Ó ní láwàní tó wà lórí òun kò ní jẹ́ kí ìjọba bọ̀wọ̀ fún òun, kí ìyàwó òun wá èyí tuntun. Ìyàwó rẹ̀ wá a títí, ó sì bá a lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìgbà tí a máa fi kúrò níbẹ̀, aago méjì ti ń kanlẹ̀kùn.

Ó ku obìnrin tó mọ ẹkún sun. Gbogbo wa mọ̀ pé kò sẹ́ni tó tún ju Àǹtí Bísọ́lá lọ, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní Tejúoṣó. Ìgbà kan wà tí lándílọ́ọ̀dù fẹ́ lé aládùúgbò rẹ̀ jáde. Àǹtí Bísọ́lá lọ sunkún níbẹ̀ títí lándílọ́ọ̀dù fi bá a sunkún, tó sì ní kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ lọ. Ìṣòro kan ló wà: ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ìyá Àwáwù ti ń ra bọ́tìnnì. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ níwájú ìsọ̀ rẹ̀ pé kó má sọ létí ìyàwó mi.

"Ṣé èmi ni mo máa tú àṣírí ẹ ni?" ó ní, ó sì ń pa ìsọ̀ rẹ̀ dé. "Ẹ fún mi láyè níwájú. Mi ò lè sunkún dáadáa tí wọ́n bá fún mi mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀."

Òjò wíníwíní bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a jáde. Mo tan wáípà, wáípà ọkọ̀ náà sì ń han gooro bó ṣe máa ń ṣe. Ìyẹn náà wà lára ohun tí mo ti bẹ ìyàwó mi lé lórí. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ bíréèkì, sukudiráífà inú àpò mi á gún mi nítan. A kọjá níwájú àwọn tó ń ta gílóòbù ọkọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n to gílóòbù sílẹ̀ lọ súà. Àáfà tiẹ̀ nawọ́ sí wọn láti ẹ̀yìn.

"Ẹ ò rí i bí ìwọ̀nyí ṣe pọ̀ tó," ó ní. "Ṣé kò ní dáa ká rà kan dání?"

"Àáfà, a ò ní àkókò," ni Ẹ̀gbọ́n Múrí fèsì. "Ẹ máa múra àdúrà yín sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni fóònù Àǹtí Bísọ́lá dún. Ó wò ó, ó sì wò mí. "Ìyá Àwáwù ni!" Àáfà tó ń ka tẹ́sùbáà dá ọwọ́ dúró.

"Hẹ́lò, àbúrò mi dáadáa," ni Àǹtí Bísọ́lá fi ohùn dídùn sọ. "Bọ́tìnnì méjìlá péré? Kò burú, màá ní kí wọ́n gbé e wá fún ẹ láti ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi. Ṣé o rí i, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbi òkú kan ni. Bẹ́ẹ̀ ni o. Òkú ọ̀fọ̀ ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹkún ni."

Ó pa fóònù, gbogbo wa mí kanlẹ̀. Mo kí i pé ó ṣeun. Ó ní kò tópẹ́, pé òun tiẹ̀ ti fi ara òun sí ipò báyìí, omi ti ń kó sí òun lójú.

A dé ọgbà ọ́fíìsì náà ní aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin tó lo awò ọ̀hún jókòó sídìí tábìlì kan lábẹ́ àtíbàbà páànù, ìwé ńlá àti rúlà rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ọkọ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yẹ kó ti là mí lójú. Ọkọ̀ kan á sún síwájú, awakọ̀ á tẹ bíréèkì, iná á tàn. Ọmọbìnrin náà á gbé rúlà lé ìwé, á fa ilà lé orúkọ onítọ̀hún, á dá ìwé ọkọ̀ rẹ̀ padà, ọkọ̀ á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni. Àánú wọn tiẹ̀ ṣe mí pé wọn ò ní ẹlẹ́bẹ̀.

Nígbà tó kàn wá, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sílẹ̀.

Àáfà ló ṣíwájú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ṣàdúrà fún ìjọba, ó ṣàdúrà fún tábìlì, ó ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ọ̀gá wa ní ọkọ rere.

"Mo ti lọ́kọ, Àáfà," ni ọmọbìnrin náà sọ.

"Kí Ọlọ́run dá a sí fún yín!" ni Àáfà fi yí i padà láìmí.

Ó kan Ẹ̀gbọ́n Múrí. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oríkì gbogbo àwọn ọ̀gá olófin tó ti mú un rí. Ọmọbìnrin náà sáré ní kó dìde. Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ dìde, ẹ̀yìn òun ni kò gbà. Ẹ̀yìn ti gan mọ́ ọn lára! Àwọn awakọ̀ méjì fẹ́ gbé e, ó kígbe pé kí wọ́n má fọwọ́ kan òun, kí wọ́n fi òun sílẹ̀ níbẹ̀ ná.

Àǹtí Bísọ́lá rò pé ó ti kàn án nìyẹn. Ó ká ọwọ́ lérí, ó sì bú sẹ́kún, irú ẹkún tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rí àgbàlagbà tó nà gbalaja sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹkún obìnrin, wọ́n sì rí Àáfà tó ń ṣàdúrà. Bàbá kan ṣí fìlà lórí, ó rìn wá bá mi, ó ní, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù o." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá wa, ẹ ṣàánú ọmọ wa yìí!" ni Àǹtí Bísọ́lá ń sọ láàárín ẹkún. "Èèyàn dáadáa ni! Òun ló ń tún gbogbo fáànù Pápá Àjàó ṣe! Ẹ lọ bi wọ́n léèrè! Kò sí nǹkan tó ń lo iná tí apá ẹ̀ ò ká!"

Ọmọbìnrin náà bọ́ awò lójú. Ó rọra nù ún. Ó tún un wọ̀, ó sì wò mí.

"Dádì," ó ní, "iná bíréèkì ńkọ́?"

Ẹkún dáwọ́ dúró. Àdúrà dáwọ́ dúró.

"Ẹ wọnú ọkọ̀, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì."

Mo wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, sukudiráífà sì gún mi nítan bó ṣe ń ṣe láti àárọ̀. Gbogbo èèyàn yí lọ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ wò ó. N kò rí wọn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn Àáfà, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń túfọ̀: "Ó tàn. Ẹyọ kan."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ o. Mo ní kí ọ̀gá mi ṣàánú mi, kó ro tìyàwó mi, kó ro ti ọgọ́ta yúnífọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Mo ń rí Ìyá Àwáwù láàárọ̀ ọ̀la níwájú ilé pẹ̀lú àpò aṣọ, tó ń wá ọkọ̀ kiri, nítorí ọkọ̀ tirẹ̀ wà ní Sábó. Bóyá á rí ọkọ̀ mìíràn lásìkò, bóyá kò ní rí. Ọdún mẹ́ta ló fi lé iṣẹ́ náà, èmi ni mo fẹ́ fi ìdajì ọjọ́ bà á jẹ́.

Ọmọbìnrin náà ò bínú. Ìyẹn ló dùn mí jù.

"Dádì, mo gbọ́," ó ní. "Gbogbo ẹ̀bẹ̀ yín ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá tiẹ̀ dárí jì yín, ẹni tó wà lẹ́yìn yín lójú títì ò ní rí i pé ẹ fẹ́ dúró. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méjìlá báyìí. Irinṣẹ́ yẹn dà?"

Mo fa sukudiráífà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pagbo yí mi ká, àwọn awakọ̀, Àáfà, Àǹtí Bísọ́lá, kódà bàbá tó kí mi kú ara fẹ́ra kù. Mo tú ìdérí iná náà. Gílóòbù inú rẹ̀ ò tiẹ̀ bàjẹ́! Wáyà tín-ín-rín kan ló ti yọ láti ìgbà tí mo ti fi ọkọ̀ gbá ògiri. Oṣù méjì! Mo ki wáyà náà bọ ibi tó wà, mo sì fẹ́ dè é padà nígbà tí síkúrù kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí gbirigbiri, n kò sì rí i mọ́.

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wá a. Àáfà ṣí láwàní tuntun, ó ń wò ó bóyá inú rẹ̀ ló bọ́ sí.

"Àbúrò," ni ohùn kan sọ láti ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Múrí ni, tó ṣì nà gbalaja síbi tí a fi í sí. "Ó wà lábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Mo ń wò ó."

Mo mú un, mo dè é. Mo sáré wọlé, mo tẹ bíréèkì. Igbe ayọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà gbé rúlà lé ìwé, ó fa ilà tó gún régé lé orúkọ mi, ó sì dá ìwé ọkọ̀ padà.

"Ọ̀rọ̀ parí," ó ní. "Ẹ bá mi kí ìyàwó yín."

Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ó na rúlà sí mi pé kí n má dán an wò.

A gbé Ẹ̀gbọ́n Múrí sẹ́yìn ọkọ̀ bí ẹni gbé kọ́bọ́ọ̀dù. A ò tíì jáde ní Sábó tó fi sọ̀rọ̀: "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ pé ẹ̀bẹ̀ ló máa ṣe é." Kò sẹ́ni tó ní agbára láti bá a jiyàn.

Ìgbà tí mo délé, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Ìyá Àwáwù ti lọ aṣọ tán, ó ti di ọgọ́tọ̀ọ̀ta sínú àpò. Ó jáde wá, ó wo ọ́ìlì tó wà níkùn jàlámíà mi.

"Ẹ bá mi tẹ bíréèkì," ó ní.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó lọ sẹ́yìn, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, ó sì padà wá síbi fèrèsé.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Nígbà wo?"

Mo fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí jù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀yìn Ẹ̀gbọ́n Múrí ti gan, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sórí àpò aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Mo ti mọ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́ta," ó ní bó ṣe ń nu ojú. "Àǹtí Bísọ́lá ní òun wà níbi òkú, wáípà ọkọ̀ mi sì ń ké lẹ́yìn ẹ̀. Ṣé èmi ni mi ò ní mọ igbe ọkọ̀ mi? Mo sì mọ̀ pé bí wọn ò bá mú yín nítorí iná yẹn, ẹ ò ní wá ẹlẹ́kún."

"Kí ló dé tó ò pè mí?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa tún un ṣe ni."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ̀lé e wọ pálọ̀. Ooru gbá mi lójú bí ẹni ṣí ìkòkò. Mo rí páálí rẹ̀ lórí máṣíìnì, ibi tí ìka rẹ̀ máa ń dì mú ti dúdú, ó ti ya. Inú ooru yìí ló ti rán ọgọ́ta aṣọ, nísàlẹ̀ fáànù tó ti kú, ọkọ rẹ̀ sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń tún fáànù onífáànù ṣe. Ojú tì mí. Ìtìjú tó bá mi níwájú gbogbo awakọ̀ Sábó ò tó ìdajì èyí.

Bóyá ó rí ojú mi, bóyá kò rí i. Ó mú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ya abala kan, ó kọ ọ́ kíákíá, ó sì nà án sí mi. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: *Fáànù pálọ̀. Wáípà. Ilẹ̀kùn báàlùwẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí máṣíìnì. Aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú.*

"Tí mo bá ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, màá fagi lé e," ó ní. "Ọ̀rọ̀ parí."

"Tí aago mẹ́rin bá wá kọjá ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó kọjá, kẹ́ ẹ wò ó."

Mo la ẹnu láti bẹ̀ ẹ́. Ó ti mọ́ mi lára, kò ní kúrò lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti wọ àpò, ó sì bá sukudiráífà níbẹ̀. Mo gbé àga, mo gùn ún. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fáànù náà gbà. Láti ìgbà ọyẹ́ o! Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí, gbogbo èérún òwú inú pálọ̀ fò sókè. Ìyá Àwáwù jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó pa ojú dé, ó sì ju páálí náà sínú garawa ìdọ̀tí láìwò ó. Kò sọ pé ẹ ṣé. N kò sì retí rẹ̀.

Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yúnífọ́ọ̀mù wọ ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná bíréèkì méjèèjì sì ń tàn yòò. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì fún un báyìí.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Ogún ọdún ni mo fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n dárí ohun tí mo lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tún ṣe jì mí. Ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, bí mo bá sọ pé Ìṣẹ́gun, Ìṣẹ́gun ni, àfi bí iná bá lọ. Àwọn oníbàárà mi ń bi ara wọn bóyá ara mi ò yá ni.

Ìwé Ìyá Àwáwù kò sì tíì tán o. Ara fíríìjì ló máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, rúlà télọ̀ rẹ̀ ló fi ń fagi lé èyí tó bá ti parí, ó sì máa ń tún òmíràn kọ sísàlẹ̀. Ẹyọ kan péré ló kù níbẹ̀ lónìí, ilẹ̀kùn báàlùwẹ̀, tí mo ti fi ẹ̀bẹ̀ sún síwájú lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rántí ara mi. Aago mẹ́rin òní ni. Ibi tí mo ti ń kọ ìtàn yìí fún yín, tí mo ń dá rẹ́rìn-ín, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè wo aago ni: aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dìde.